Orúkọ Mi Nínú Àwo Orin

Ọmọ ọmọ mi ló fà á. Mo jókòó ní pálọ̀ wa ní Bódìjà, mò ń ṣa ẹ̀wà, òun náà na ẹsẹ̀ sórí àga, ó ń tẹ fóònù. Ṣàdédé ni mo gbọ́ ìró kan láti inú fóònù náà. Kì í ṣe orin o, ìró tó máa ń ṣáájú orin ni: kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, bí ẹni ń fi èékánná ha pákó. Abẹ́rẹ́ giramafóònù ló máa ń dún bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá kọ́kọ́ bọ́ sórí àwo. "Grandma, ẹ wá gbọ́, orin ayé yín rèé," lọmọ náà wí. Mo ní kó pa á. Kó tó bi mí léèrè ìdí, mo ti dé ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ti darúgbó, mo ti sin ọkọ, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ ìró kékeré yẹn ṣì ń lé mi jáde nínú ilé ara mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Dúgbẹ̀ là ń gbé nígbà èwe mi, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi sì wà nísàlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ń tà, pẹ̀lú táyà, ṣéènì àti agogo rẹ̀. Giramafóònù wà ní pálọ̀, bàbá mi sì kọ ojú rẹ̀ sí fèrèsé, torí wọ́n gbà pé ahun nìkan ló ń dá orin gbọ́. Àwọn àwo kékeré ni èmi fẹ́ràn jù, àwọn tí orin kan wà lójú wọn tí òmíràn sì wà lẹ́yìn. Ihò àárín wọn fẹ̀. Tí ìyá mi ò bá wò mí, mo máa ń ki ìka bọ̀ ọ́, n ó sì máa yí i káàkiri yàrá bí ẹni ń wa mọ́tò. Ọ̀kan wà tí obìnrin kan ti ń fi orogún rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ọbẹ̀ tó jóná. Ọ̀kan wà nípa ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. A mọ gbogbo wọn kọ dé ibi tí abẹ́rẹ́ ti máa ń há, àwa náà á sì máa tún ọ̀rọ̀ kan náà pè títí àgbàlagbà kan á fi wá gbé abẹ́rẹ́ kúrò.

Ṣùgbọ́n ọba gbogbo wọn ni àwo tí orúkọ mi wà. Olórin kan ń gbé Mọ́kọ́lá nígbà náà, bàbá mi sì fún un ní kẹ̀kẹ́ tí yóò fi máa gbé gìtá rẹ̀ kiri. Olórin ò ní nǹkan mìíràn tí yóò fi dúpẹ́ ju ẹnu lọ. Nígbà tó lọ ṣe àwo, ó kí bàbá mi nínú rẹ̀, orúkọ àkọ́bí wọn ló sì fi pè wọ́n: Bàbá Lágbájá. Èmi ni Lágbájá náà. N kò ní kọ orúkọ yẹn síbí. Bó bá kọrin dé "Bàbá", yóò dákẹ́ díẹ̀, gìtá á dún, kó tó wá pe orúkọ mi. Gbogbo ọmọdé àdúgbò ló máa ń figbe pe orúkọ náà sínú àlàfo yẹn kí olórin tó pè é. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ṣe ni mo ń yan lọ sílé ìwé bí ọmọ ọba.

Ẹni tí olórin kí tẹ̀ lé bàbá mi ni olóṣèlú kan tó lókìkí. Bàbá mi ò bá a pàdé rí. Inú àwo nìkan ni wọ́n ti jọ jókòó. Nígbà tí òṣèlú wá dojú rú, tí àwọn èèyàn ń da bẹntiróòlù sílé ọmọnìkejì wọn tí wọ́n sì ń ṣáná sí i, wọ́n jó ilé olóṣèlú náà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lójú wọn, ẹni tí a bá jọ kí nínú orin kan, ọ̀rẹ́ ara wọn ni.

Bàbá mi sá lọ sí Mọ́níyà, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn tó ń dáko níbẹ̀. Ìyá mi ki àwo náà bọ iná ìdáná. Ó ká kò bí ewé gbígbẹ, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé, ni ẹ̀rù bá tún ń bà wá pé àwọn èèyàn á gbọ́ òórùn. Àwo kan ṣoṣo nìyẹn. Onígbàjámọ̀ tó kọjú sí wa ní tirẹ̀, àràárọ̀ ló sì ń lò ó. Ìyá mi lọ kúnlẹ̀ fún un. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Màá gbé tèmi pamọ́. Àmọ́ orin tó ti jáde, ta ló fẹ́ kó o padà?" Òótọ́ ló sọ, torí àwọn ọmọ tó ń lọ pọnmi ń súfèé rẹ̀ lójú títì. Ìyá mi fún mi lórúkọ mìíràn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá pe ti àtijọ́, kí n má dáhùn, ì báà jẹ́ àwọn fúnra wọn.

Ọ̀sán gangan ni àwọn ọkùnrin náà dé. Mo gbọ́ òórùn bẹntiróòlù lórí àtẹ̀gùn kí n tó rí ojú ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ní ọkọ àwọn ti rìnrìn àjò tipẹ́. Aṣáájú àwọn ọkùnrin náà lóṣòó síwájú mi, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin yẹn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ohùn rẹ̀ dùn. Ó kọ ọ́ dé "Bàbá", ó dákẹ́, ó ń wò mí lẹ́nu.

Ahọ́n mi ti gbéra. Gbogbo ara mi ló fẹ́ pe orúkọ náà, torí bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo wo ìyá mi, wọn ò ṣẹ́jú. Mo ní bí mo bá pè é, wọ́n á pa bàbá mi. Mo gé ètè mi jẹ, ìtọ̀ sì ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi.

Ọkùnrin náà dìde, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Gbogbo ọmọ Ìbàdàn ló mọ orin yìí. Ìwọ nìkan ni ò mọ̀ ọ́n? Ilé ibí ni."

Bí mo pè é, bí n ò pè é, ọ̀kan náà ni. Wọ́n bi ìyá mi léèrè ibi tí bàbá mi wà, wọ́n gbá wọn létí, ìyá mi ò sọ. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì jó ṣọ́ọ̀bù. Iyanrìn tí àwọn ará àdúgbò dà sí i ni kò jẹ́ kí iná gun òkè. Nígbà tí ìlú rọ̀ tí bàbá mi padà dé, wọ́n ti rù hangogo. Wọ́n wo àwọn kẹ̀kẹ́ tó ti jóná lọ́kọ̀ọ̀kan. A kò tún lo giramafóònù yẹn mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo bí àkọ́bí mi ní Bódìjà yìí, àwọn àna mi sì pe olórin síbi ìkómọ. Olórin Mọ́kọ́lá yẹn kan náà ni, ó ti hewú. Bó ṣe fojú kan bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wọn. Bàbá mi yára lọ pàdé rẹ̀, wọ́n ki owó sí i lọ́wọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ sí i létí. Mo ti rí àwọn tó ń náwó kí olórin lè pè wọ́n. N kò tíì rí ẹni tó náwó kí olórin má baà pe òun. Olórin kí gbogbo èèyàn lọ́jọ́ náà, títí kan obìnrin tó ń bu ìrẹsì. Nígbà tó kan bàbá mi, gìtá nìkan ló dún, bàbá mi sì dorí kodò, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Ayé ti yí. Ẹni tó bá fẹ́ kí aráyé gbọ́ orúkọ òun kò nílò olórin mọ́. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ọmọ mi ń gbé orúkọ wọn, ojú wọn àti ibi tí wọ́n ti ń jẹun sórí fóònù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, n kì í sì í bá wọn jà, torí inú tèmi náà dùn rí. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá pe orúkọ mi lẹ́yìn mi lọ́jà Bódìjà, n kì í yíjú padà títí n ó fi mọ ohùn ẹni náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkómọ yẹn, mo bi bàbá mi léèrè ohun tí wọ́n ṣì ń sá fún. Mo ní olóṣèlú yẹn ti kú, àwọn tó jó ṣọ́ọ̀bù ti di àgbà. Ọmọ mi ń sùn lọ́wọ́ bàbá mi. Wọ́n wojú rẹ̀ títí.

Wọ́n ní, "Orin kì í kú bọ̀rọ̀. Mi ò mọ ẹni tí yóò gbọ́ ọ lọ́la."

Lẹ́yìn náà, wọ́n tẹ̀ sí mi létí, wọ́n sọ orúkọ tí àwọn fún ọmọ náà, èyí tí wọn ò pè níbi ìkómọ. Títí dòní, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n.