Ta ló ń fi láísẹ́nsì mi ta ilé ní Ṣàngótẹ̀dó?

Ẹ gbà mí o, ẹnì kan ń fi orúkọ mi ta ilé!

Nígbà tí mo bí ìbejì, mo ní kí ìjọba bá mi dá láísẹ́nsì ejẹ́ńtì tí mo fi ń ta ilé dúró ná. Láàárọ̀ yìí, mo pe ọ̀gá mi àtijọ́ l'Ájà pé mo fẹ́ lọ gba láísẹ́nsì náà padà lọ́wọ́ ìjọba.

Kíá ló ní, "Ìyá Ìbejì, kí lò ń sáré fún? Jókòó ti àwọn ọmọ ẹ jàre."

Ọ̀gá tó máa ń bínú tí mo bá gbàyè ọjọ́ kan péré! Ara fu mí. Mo forí lé ọ́fíìsì ìjọba lójú ẹsẹ̀.

Obìnrin tó dá mi lóhùn níbẹ̀ wo orúkọ mi nínú ìwé. "Àǹtí, ṣé lóòótọ́ lẹ ò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́? Tọkọtìyàwó kan wá bi wá nípa yín lánàá. Wọ́n ní ọkùnrin kan láti Ajà fi láísẹ́nsì yín han àwọn, ó fẹ́ ta ilé fún wọn ní Ṣàngótẹ̀dó."

Mo rántí pé ẹ̀dà láísẹ́nsì mi kan ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Mo ní kí wọ́n bá mi pe tọkọtìyàwó náà. A dúpẹ́, wọn ò tíì sanwó.

Ìjọba ti dá láísẹ́nsì mi padà fún mi, mo sì ti fẹjọ́ ọ̀gá sùn lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá ti wá ń pè mí láìdákẹ́ báyìí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n gbé fóònù yẹn, àbí kí n jẹ́ kí ọlọ́pàá bá mi gbé e?