Àtìkè Ojú Kọnkéré

Bí òjò bá kan kọnkéré tuntun ní Ìgàndò, òórùn rẹ̀ a máa ṣe mí bí ẹni pé Làmídì ṣì lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń fọ́n àtìkè. Àtìkè là ń pe páúdà tí à ń wọ́n sójú kọnkéré tútù, kí mọ́ọ̀dù rọ́bà tá a fi ń tẹ àwòrán òkúta sí i má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Làmídì a ní, "Ẹ fi àtìkè kun ìyàwó o, ọkọ ń bọ̀!" Sùlé àti Kẹ́hìndé tó ń po símẹ́ǹtì á bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Làmídì. Ẹgbẹ́ ni èmi àti ẹ̀, ìwọ là ń pe ara wa.

Lọ́jọ́ tí à ń tẹ iwájú ilé ìyá kan ní Ẹgbẹ́dá, oòrùn mú ganrínganrín, kọnkéré sì ń yára gan. Làmídì fẹ́ lọ kírun Àílà. Ó nawọ́ sẹ́nu géètì: "Má tíì gbé mọ́ọ̀dù dé ọ̀hún o, mi ò tíì kùn ún."

"Máa lọ jàre, àlùfáà. Ṣé ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Bó ṣe yísẹ̀ ni mo gbé mọ́ọ̀dù lé e. Ká má purọ́, ìgbéraga ni. Nígbà tí mo gbé e sókè, ojú kọnkéré bá a bó, bí awọ ẹni tí omi gbígbóná dà lé.

Ìyá onílé jáde. "Ta ló ba ẹnu géètì mi jẹ́ báyìí?"

"Làmídì ló lọ kírun, Mà. Kò kun ibẹ̀."

Ẹ tú ọ̀rọ̀ yẹn wò, kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ irọ́. Mo gbójú sókè, Làmídì ti dé, iyanrìn ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Kò já mi nírọ́. Ó bẹ ìyá náà, ó wá kọjú sí mi: "Ẹ ṣeun."

Ẹ! Èmi! Láti ọjọ́ náà, ibi yòówù ká ti pàdé, àní lórí afárá Ìyànà Ìpájà tí èrò ń tì wá, "Ẹ ǹlẹ́ o, sà" ló ń kí mi. Bí mo bá fẹ́ tọrọ àforíjì, ọ̀wọ̀ yẹn á dí mi lẹ́nu.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ó kú, kí n tó dé ilé rẹ̀ ní Ṣáṣá, wọ́n ti sin ín. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ó máa ń dárúkọ yín." Mi ò lè bi í bóyá ó máa ń fi "sà" kún un.

A dí ojú géètì yẹn nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ò bá ìyókù mu títí dòní. Ká ní ó bú mi lọ́jọ́ náà ni, kó ní, "Ìwọ, òpùrọ́ ni ọ́," ǹ bá ṣì rí ìwọ yẹn mú dání.