Àárọ̀ Tí Ẹ̀rọ Ìgé-Ọgbà Kọ̀ Láti Tàn

Ejò náà wọ inú ọgbà lápálàpá tó yí ilé wa ká ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, bí mo ti ń gbá àgbàlá lọ́wọ́. N kò rí orí rẹ̀. Ìrù rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ó dúdú, ó sì nípọn tó ọrùn-ọwọ́ ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ibi tó gbà wọlé kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ sí àlàfo kan láàárín igi lápálàpá, ibi tí ọmọ náà máa ń gbà kọjá lọ bá ìyá àgbà aládùúgbò wa fún ẹ̀pà sísè. Ó ń kọjá níbẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́. Mo ti kà á rí.

Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo gbé ọmọ náà láti ẹnu ọ̀nà, mo fi í sínú yàrá, mo sì ti ilẹ̀kùn láti ìta. Bàbá rẹ̀ wà ní oko kajú lẹ́yìn Akpassi, níbi tí rẹ́sò fóònù kò dé, kò sì ní í padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Títí di ìgbà yẹn, èmi nìkan ló kù láàárín ọmọ yẹn àti ọgbà yẹn.

Gígé ọgbà ni iṣẹ́ mi. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Mo kàwé dé kíláàsì tó kẹ́yìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, n kò rí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì ní Savalou, níbi tó ti ń tọ́jú àgbàlá ilé-ìwé kan, ó gbé ẹ̀rọ ìgé-ọgbà tí wọ́n ti pa tì lé mi lọ́wọ́. Eyín méjì ti kán lára abẹ rẹ̀. Mo máa ń pọ́n èyí tó kù ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Mo ti fi í gé ọgbà gbogbo ènìyàn ní Bantè kí òjò tó wọlé, tèmi nìkan ni mo fi sílẹ̀. Ó ti ga kọjá orí mi, ìdí rẹ̀ sì ti ṣókùnkùn.

Wọ́n á ní kí ló dé tí n kò fi àdá gé e. Ẹni tó bá fẹ́ fi àdá gé lápálàpá gbọ́dọ̀ di ẹ̀ka mú kí ó tó gé e, ọwọ́ rẹ̀ á sì wọ inú ewé. Mo ní àlùmọ́gàjí ńlá kan, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì àárín rẹ̀ ti dẹ̀. Ó ń rún ewé ni, kì í gé e mọ́. Abẹ ẹ̀rọ ni ó gùn tó láti jẹ́ kí ọwọ́ mi méjèèjì wà lẹ́yìn.

Ẹ̀rọ náà kì í mu ẹ̀sáǹsì, ìyẹn pẹtiróòlù, lásán. A gbọ́dọ̀ po epo ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, mìlílítà ogójì sí lítà kan. Àwọn ẹlòmíràn ń fi ojú wọ̀n ọ́n. Ife oògùn ikọ́ ọmọ mi ni èmi fi ń wọ̀n ọ́n, ogún lẹ́ẹ̀mejì, mo sì máa ń gbé ife náà sókè kí ìlà rẹ̀ bá ojú mi dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ìgò ẹ̀sáǹsì tí mo rà lánàá. Mo fa okùn. Ó tàn, èéfín funfun bo àgbàlá, ó wúkọ́ bí ẹni tí omi pá lórí, ó sì kú.

Mo tú búùjì, irin kékeré tó ń ṣáná nínú ẹ́ńjìnnì. Ó dúdú, epo ń kán lára rẹ̀. Mo nù ún, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, mo dá a padà. Mo fa okùn ní ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èjìká mi fẹ́ yẹ̀.

"Màmá, ṣílẹ̀kùn!"

"Mo ń bọ̀, ọmọ mi."

"O sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan!"

N kò gbé ojú kúrò lára ọgbà. Bí ewé kan bá mì, mo máa ń dúró wò ó. Mo tú búùjì lẹ́ẹ̀kejì, epo tún bò ó. Ìgbà yẹn ni mo ronú kan ẹ̀sáǹsì fúnra rẹ̀. Ó ku díẹ̀ nínú ìgò, tí n kò tíì po nǹkan mọ́. Mo kán ẹ̀kán kan sórí ìwé, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ̀sáǹsì lásán á gbẹ, kò ní fi nǹkan sílẹ̀. Èyí gbẹ, ó fi àbàwọ́n ọ̀rá sílẹ̀. Ẹnìkan ti po epo mọ́ ọn kí n tó po tèmi.

Mo sáré lọ bá ìyá tó ń ta ẹ̀sáǹsì nínú ìgò létí títì. Ẹbí ọkọ mi ni.

"Ìyá, ẹ̀sáǹsì àná, kí lẹ fi sí i?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, oore ni mo ṣe fún ọ. Gbogbo ìgbà lo ń ra ẹ̀sáǹsì lọ́tọ̀, epo lọ́tọ̀, tí o sì ń wọ̀n ọ́n bí apòògùn. Mo ní kí n bá ọ pò ó, bí mo ṣe ń pò ó fún àwọn tó ní alùpùpù àtijọ́."

"Ẹ kò sọ fún mi!"

"Ṣé ó yẹ kí n sọ ọ́? O ò rí àwọ̀ rẹ̀? Gbogbo ìwé tí o kà yẹn, wọn ò kọ́ ọ ní àwọ̀?"

"Ìyá, ejò wà nínú ọgbà mi."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ti ìgò kan sí mi láyà. "Ẹ̀sáǹsì lásán ni èyí. Sáré!"

Nígbà tí mo dé àgbàlá, ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀.

Ọmọ mi lóṣòó sínú àlàfo ọgbà náà, ó kẹ́yìn sí mi, ó ń ṣa èso lápálàpá tó já bọ́ sílẹ̀, ó ń kó o sínú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. Ìyá àgbà dúró lápá kejì, ó na ẹ̀pà sí i. N kò kígbe. Mo rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, mo ń ka ìṣísẹ̀ mi, mọ́kànlá ni. Mo ki ọwọ́ sábẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, mo fà á yọ. Èso náà dà sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yà Mahi ni ìyá àgbà, èdè Mahi ni a sì jọ máa ń sọ, nítorí Savalou, ìlú àwọn Mahi, ni wọ́n ti tọ́ mi.

"Ọmọ ń ké, mo lọ ṣílẹ̀kùn, mo padà wá mú ẹ̀pà fún un," ó ní. "Ẹlẹ́wọ̀n ni?"

"Ejò, Ìyá. Ejò wà níbi tí ẹ dúró sí."

Ó ti ju aádọ́rin ọdún lọ dáadáa. N kò tíì rí i kó fò bẹ́ẹ̀ rí.

Ó gba ojú ọ̀nà wá, mo gbé ọmọ sórí tábìlì nínú ilé, mo ní kí ìyá àgbà dì í mú. Mo da ohun tó wà nínú táńkì nù, mo fi ẹ̀sáǹsì lásán ṣan inú rẹ̀. Mo wọ̀n ogún lẹ́ẹ̀mejì. Mo kánjú, ó kọjá ìlà, mo dà á nù, mo sì tún un wọ̀n. Mo fa okùn ní ìgbà mẹ́ta. Ó tàn.

Láti orí ni mo ti ń gé e bọ̀. Nígbà tí mo gé ẹ̀gbẹ́ àlàfo náà dé ojúgun, ejò náà yọ láti ìdí igi gan-an níbi tí ọmọ mi lóṣòó sí. Kò yára. Ó gba àgbàlá ìyá àgbà kọjá, ó wọ oko ẹ̀pà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní igi lọ́wọ́.

"Ó ti lọ o!" ìyá àgbà ń pariwo láti ojú fèrèsé. "Pa ẹ̀rọ yẹn! Ó ti lọ!"

Mo gbọ́ ọ. Mo ń gé e lọ. Mo gé apá ọ̀tún tán, mo bọ́ sí apá òsì. Ẹ̀ka tó nípọn ju àtàǹpàkò lọ há abẹ, mo fi ẹsẹ̀ ta á kúrò. N kò lè sọ ohun tí mo ń wá mọ́. Nígbà tí ẹ̀sáǹsì tán, tí ẹ̀rọ kú fúnra rẹ̀, kò sí ọgbà kankan láàárín ilé wa àti oko ẹ̀pà náà. Gbogbo rẹ̀ ti di ojú kan. Láti ibi tí mo dúró sí, mo ń rí bí ewé ẹ̀pà ti ń mì, n kò sì mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ni.

"Màmá," ọmọ mi pè láti orí tábìlì, "ṣé mo lè sọ̀ kalẹ̀?"

Mo ní kí ó má tíì sọ̀ kalẹ̀.