Oògùn Tó Dúró De Àdúrà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra ìgò oògùn àtọ̀gbẹ kan ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Siluko Road, ní Benin níbí. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà, ìgò náà kò sì ju àtàǹpàkò mi lọ. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, tọ́rọ́ ni búrẹ́dì tí èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá fi ń jẹun àárọ̀. Sísì kan á ra ìrẹsì àti ẹran tí èèyàn ò ní lè jẹ tán. Bí ara rẹ bá ń gbóná, o kàn máa rìn lọ sí ilé ìwòsàn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Wọ́n á fún ọ ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, nọ́ọ̀sì á tún bá ọ wí pé o kò sùn dáadáa. Lónìí, búrẹ́dì ti di àádọ́talérúgba náírà, afẹ́fẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ta oògùn náà fún mi wé e mọ́ yìnyín nínú ọ̀rá. "Papa, no let sun touch am o," ló wí. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà korò lẹ́nu mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti mọ ohun tí ooru ń ṣe fún oògùn yìí.

Ìgbà tí ogun Liberia le ni. Ọkọ̀ kan já àwọn èèyàn bí ogójì sílẹ̀ ní Aduwawa, wọ́n sì wọ ilé kan tí onílé ò tíì kọ́ parí. Kò sí fèrèsé, kò sí ilẹ̀kùn. Aṣọ ni wọ́n ta sí ojú rẹ̀. Olùkọ́ kẹ́mísírì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tó ń gbé ní Benin. Ẹgbẹ́ wa kó gàárì àti aṣọ lọ bá wọn. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé obìnrin kan.

Olùkọ́ ìṣirò ni ní ìlú rẹ̀. Ó tó ẹni ogójì ọdún, ó ga, ó gbẹ, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ, ṣùgbọ́n "ol' pa" ló ń pè mí, bí àwọn ará Liberia ṣe ń pe àgbàlagbà. Ó ní àwọn tí ìṣirò bá lé kúrò ní kíláàsì ló máa ń lọ kọ́ kẹ́mísírì. Àtọ̀gbẹ ti ń bá a jà láti kékeré, abẹ́rẹ́ insulíìnì ló fi ń gbé ayé. Ìgò kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rì í mọ́ iyanrìn tútù nínú ìkòkò, ó sì ń gún ìdajì ohun tó yẹ kó máa gún.

"Ol' pa," ó ní, "bí mo bá ń ṣún un lò báyìí, á tó mi fún oṣù kan ó lé díẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n."

Mo wá a ká gbogbo ṣọ́ọ̀bù oògùn tí mo mọ̀, wọ́n ní kò sí. Mo bá kọ lẹ́tà sí London.

Àwọn ọmọ wa ló wà níbẹ̀, àwọn tí a bí sí Benin, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó jẹ́ Pidgin ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn. Nọ́ọ̀sì ni àwọn kan nínú wọn, àwọn kan ń wa ọkọ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n máa ń péjọ láti di oògùn àti báńdéèjì sínú páálí fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ẹnikẹ́ni kò sì san nǹkan kan fún wọn. Aṣáájú wọn ni ọmọ Ìyá Ẹgbẹ́ wa, obìnrin tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò ní Oregbeni. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí lẹ́tà mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó fi fi páálí mẹ́fà ránṣẹ́, pẹ̀lú kúlà kékeré kan tí insulíìnì àti yìnyín wà nínú rẹ̀, tí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ wálé gbé lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ òfurufú. Lẹ́tà wà fún mi lórí kúlà náà. Ó ní kí n gbé e sínú fìríìjì lọ́jọ́ náà gan-an, kí n sì fún obìnrin náà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ọjọ́bọ̀ ló dé. Inú mi dùn bíi ti ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wa ní àṣà kan. Ohun tí wọ́n bá fi ta wá lọ́rẹ, a kì í tú u. Yàrá tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ni yóò wà di ọjọ́ ìpàdé gbogbogbò. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á fojú rí i bí wọ́n ṣe dì í wá, álífà á ṣe àdúrà, pásítọ̀ á ṣe àdúrà, ayàwòrán á yà á, kí àwọn tó fi ránṣẹ́ lè rí i pé ó dé pé. Lọ́dún kan ni ẹnì kan ti tú ẹrù aṣọ kan ṣáájú ìpàdé, tí àwọn Mùsùlùmí ní àwọn Kristẹni ti ṣa èyí tó dára lọ. Ìjà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Èmi ni mo kọ òfin náà sínú ìwé lẹ́yìn ìjà yẹn, mo sì ń fi yangàn.

Èmi àti Ìyá Ẹgbẹ́ gbé lẹ́tà náà lọ bá Alága ní ṣọ́ọ̀bù pákó rẹ̀.

"Alága, fìríìjì mi ń ṣiṣẹ́," ni Ìyá Ẹgbẹ́ wí. "Màá kó gbogbo ẹlẹ́rìndòdò jáde kí n lè gbé e sí i."

Alága rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ọmọ yín ló fi ránṣẹ́, ilé yín náà ló tún fẹ́ wọ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní ẹ ti tà á ni? Ọjọ́ Àìkú yìí náà ni ìpàdé. Kí ni ọjọ́ mẹ́ta?"

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Bí ikú bá wá mú yín, ẹ ó ní kó lọ jókòó de ìpàdé."

"Akọ̀wé," Alága yíjú sí mi, "ẹ̀yin lẹ kọ òfin. Kí ni òfin wí?"

Mo sọ ohun tí òfin wí.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà nínú àpò mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Páànù ni òrùlé rẹ̀, kò ní àjà, kò sì ní fèrèsé. Iṣẹ́ mi ni láti mọ ohun tí ooru ń ṣe fún nǹkan. Mo ti ilẹ̀kùn náà mọ́ páálí àti kúlà, mo sì ń sọ fún ara mi pé kúlà ni, yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú fi máa pé, álífà ti lọ sí Ìwó lọ sin òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ní àdúrà kan kò lè dá ṣáájú èkejì. Wọ́n sún ìpàdé sí ọ̀sẹ̀ kejì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, àbúrò obìnrin ará Liberia náà wá sílé mi.

"Ol' pa, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n béèrè bóyá ó ti dé."

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ó ti dé, obìnrin náà á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá láti Aduwawa, á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn wa títí ojú á fi tì wá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ ọ́.

"Kò tíì dé," ni mo wí. Mo di gàárì fún un, kó má bàa padà lọ́wọ́ òfo.

Ó tún wá lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ó ní ìgò náà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun, ó sì fọ́. Mo tún ní kò tíì dé.

Ọjọ́ kọkànlá ni a tú u. A ta kánópì, a sì ránṣẹ́ sí àwọn ará Liberia pé kí wọ́n wá gba ọrẹ. Àbúrò obìnrin náà àti ọkùnrin kan ló fà á lápá wá. Ó ń mí gúlegúle, èémí rẹ̀ sì ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Àdúrà álífà gùn. Ti pásítọ̀ gùn jù ú lọ, torí kò fẹ́ kí ti álífà borí tirẹ̀. Ayàwòrán ní kí obìnrin náà gbé orí sókè díẹ̀. Alága mú ìgò insulíìnì kan nínú kúlà, ó fi í sí i lọ́wọ́, iná kámẹ́rà sì kọ mànà.

Ó gbé ìgò náà sókè sí oòrùn. Omi tó yẹ kó mọ́ gaara ti dàrú, nǹkan funfun ń rìn kiri nínú rẹ̀. Mo ti rí i kó tó gbé e sókè.

"Ol' pa," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Eléyìí ti kú. Ọjọ́ wo ló dé?"

Mo sọ ọjọ́ tó dé fún un. Àbúrò rẹ̀ yíjú, ó wò mí, mi ò sì lè wò ó padà.

"Ọjọ́ mọ́kànlá," ni obìnrin náà wí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọkọ̀ pákó Alága la fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Alága fúnra rẹ̀ ló wà á, ó ń tẹ fèrè, ó ń sunkún. Wọ́n rí insulíìnì fún un níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti kọjá èyí tí oògùn lè ràn lọ́wọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kú.

A ṣì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí London. Èmi ni mo dì í sínú àpò ìwé, mo sì kọ lẹ́tà ọpẹ́ tì í. Nọ́ọ̀sì náà tẹ ìyá rẹ̀ láago, ó sì ní kí wọ́n pè mí wá.

"Baba, that woman wey dem hold for picture, how she dey now?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan irọ́ tí mo pa fún àbúrò obìnrin náà. Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, òun tí kì í sọ ọ́.

"Bàbá, ṣé fọ́tò lẹ ń dúró dè?"

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Wọn ò fi páálí kankan ránṣẹ́ sí wa mọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbà fi ránṣẹ́. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ẹnì kan dá a lábàá pé kí a yí òfin náà padà. A yan ìgbìmọ̀ sí i, mo sì wà nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà kò jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Alága ti kú. Láti ọjọ́ yẹn, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ pákó náà mọ́ títí ó fi kú. Álífà ti kú, pásítọ̀ náà ti kú. Àkúrẹ́ ni wọ́n sin pásítọ̀ sí. Ayàwòrán wà láàyè, ó ṣì ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Ìyá Ẹgbẹ́ wà láàyè ní Oregbeni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí mo bá wọlé, ó máa ń ṣe bí ẹni tó ń sùn. Ọmọ rẹ̀ wà láàyè ní London. Mo gbọ́ pé àbúrò obìnrin náà wà láàyè ní Monrovia, ó ń kọ́ni ní ìṣirò. Èmi náà ṣì wà láàyè.