Bisikíìtì Kérésì Nínú Òjò

Lánàá, ní Challenge, òórùn bọ́tà àti ṣúgà ta sí mi nímú láti ṣọ́ọ̀bù kan, mi ò lè gbẹ́sẹ̀ mọ́.

Irin wáfù tó ń pa dé bí ìwé ni màmá wa fi ń ṣe bisikíìtì nílé wa ní Ṣàngó nígbà tí mo wà ní kékeré, lọ́dọọdún, tí Kérésì bá ti ku ọ̀la. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí àgbàdo tútù ṣì pọ̀ nígboro, ó gbé irin náà ka iná èédú.

Mo ní, “Màmá, Kérésì ò tíì tó o.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi. Jẹ ẹ́ kó tó tutù.”

Ó fa irin náà lé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ tó ṣe jóná, ló bá bú sẹ́kún.

Màmá ní, “Tún un ṣe. Mò ń wò ẹ́.”

Bàbá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò jáde. Èmi ń jẹ bisikíìtì, inú mi ń dùn.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni dókítà ti sọ fún àwọn òbí wa pé màmá ò ní bá wa ṣe Kérésì.

Nígbà tí Kérésì dé, ẹ̀gbọ́n mi po fúláwà, ó dáná, ó ṣe é. Kò sí ẹyọ kan tó jóná. Bàbá fi ọ̀kan sẹ́nu, ó dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé.