Fóòmù Tó Ń Léfòó Lórí Fẹ́ǹsì Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo rí fóòmù ìbùsùn kan tó ń léfòó kọjá lórí fẹ́ǹsì mi láàárọ̀ yìí.

Kùrukùru bo gbogbo Mowe, mo rò pé mo ṣì ń lá àlá. Mo jáde, mo rí i pé orí aláàárù ló wà. Ayálégbé tuntun ló ń kó ẹrù bọ̀ ládùúgbò wa, òjò sì ti ṣú.

Lọ́rìí wọn há síbi ọ̀nà ti yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi. Ọ̀kadà ń yọ́ kọjá bí ẹja, Golf náà ń rọ́nà lọ, ṣùgbọ́n lọ́rìí ò lè yí.

Awakọ̀ ní, "Dádì, ta ló kọ́ fẹ́ǹsì sójú ọ̀nà báyìí?"

"Èmi ni. Mo tì í síwájú nígbà tí mo ń kọ́lé, torí kò sẹ́ni tó lè bi mí léèrè."

"Hà! Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé ọmọ onílẹ̀ ni."

Obìnrin tó ni ẹrù ń fi ìborùn bo ọmọ ọwọ́ rẹ̀ bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ti pe bíríkìlà. Ọ̀la la ó wó fẹ́ǹsì náà.

Ìyàwó mi ní ìtìjú ni fún àgbàlagbà láti wó fẹ́ǹsì ara rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?