Mílíìkì Tí Wọ́n Fún Wa ní Àkúrẹ́

Ọjọ́ Sátidé ni ogun wọ Oǹdó, tàbí kí n sọ pé ariwo rẹ̀ ló wọ̀ ọ́, torí ogun fúnra rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ wa. Kòkó wà lórí ẹní níta, mo ń yí i kí oòrùn lè kàn án dọ́gba. Nǹkan kan dún láti apá Ọ̀rẹ̀. Kò dún bí àrá. Àrá máa ń fa ohùn. Èyí dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó tún dún, àwọn àwo tánganran orí pẹpẹ sì ń gbọ̀n. Mo ti bi ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì léèrè láti ìgbà náà. Wọ́n ní ìbọn ńlá tí wọ́n ń fi ọkọ̀ fà ni.

Yèyé, ìyá ọkọ mi, ti wọ aṣọ funfun rẹ̀ tán. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àbẹ̀wò àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ní gbogbo Sátidé, wọn a gbé oúnjẹ lọ fún aládùúgbò tí nǹkan ò rọgbọ fún. Wọn a lu agogo, wọn a kọrin láti ìkòríta wá. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ wò a jáde, a sọ orúkọ rẹ̀, a gbé àwo náà sókè kí gbogbo àdúgbò lè bá a yin Olúwa. Yèyé gbà pé bí ìhìn rere ṣe ń tàn nìyẹn, àwọn kan sì tipa bẹ́ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lóòótọ́.

Wọn ò jáde lọ́jọ́ yẹn. Awakọ̀ ni ọkọ mi. Àwọn sójà gba lọ́rì rẹ̀, wọ́n sì mú òun náà lọ láti máa wà á. Èmi, Yèyé àti Fúnmi, ọmọ mi tó ṣì ń mu ọmú, la gba ọ̀nà Àkúrẹ́. Ẹsẹ̀ la fi rìn. Tí ọkọ̀ sójà bá ń bọ̀, a ó sá wọ oko kòkó. Ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n la jẹ. Kí a tó dé Àkúrẹ́, ọmú mi ti gbẹ.

Ìjọ kan gbà wá sínú yàrá ilé ẹ̀kọ́ wọn pẹ̀lú àwọn mìíràn tó sá wá. Garí ni wọ́n ní, wọ́n sì fún wa níbẹ̀. Mo ń fún Fúnmi ní omi rẹ̀, ó ń bì í. Nígbà tó yá, kò sunkún mọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Wọ́n wá sọ pé mílíìkì inú agolo ti dé, pé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni wọn yóò pín in níwájú ìjọ.

"Ìwọ lọ gbà á, Ìyá Fúnmi," Yèyé ní. "Orúnkún ń dùn mí."

Obìnrin ará Òkìtìpupa kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rẹ́rìn-ín. "Orúnkún tó rìn láti Oǹdó wá? Ẹ̀yin ará Oǹdó yìí, nǹkan kì í tẹ́ yín lọ́rùn, àfi kí wọ́n bá yín gún iyán!"

Yèyé bá tẹ̀ lé mi lọ sí ìsìn.

Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Ìjọ wọn dìde. Onínúure ni, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń nu ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wa bá bì sí. "Kí àgbà ilé kọ̀ọ̀kan bọ́ síwájú," ó ní. "Kó sọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, kó gbé agolo sókè, ká lè bá a yin Olúwa."

Nígbà tó kàn wá, èmi ni mo dìde, pẹ̀lú Fúnmi lọ́wọ́.

"Àgbà ilé yín ńkọ́?"

"Ara Yèyé ò yá, mà."

"Ó mà ṣe o. Níbo ló wà, ká gbàdúrà fún un?" Ó wá bá wa, ó wo Yèyé, ojú rẹ̀ sì tàn. "Hẹ̀ẹ́! Yèyé Oǹdó! Ẹ̀yin kọ́ nìyí?" Ó yíjú sí ìjọ. "Ẹ wá wò ó o! Ìyá tí a lọ bá ní Oǹdó rèé, àwọn ló kọ́ wa níṣẹ́ àbẹ̀wò yìí!"

Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀ rárá. Inú wọn dùn ni.

Yèyé di aṣọ mi mú. "Ìyá Fúnmi, jẹ́ ká máa lọ. Mo bẹ̀ ọ́."

Mo kàn gbé ọmọ náà lé e lẹ́sẹ̀. Orí Fúnmi yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì gbé e sókè.

Yèyé gbé e fún mi padà, ó dìde, ó bọ́ síwájú. Ó sọ orúkọ rẹ̀. Wọn ò gbọ́. Wọ́n ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó fi ọwọ́ kan gbé agolo náà sókè, ó fi ìkejì bojú.

Ìta la ti dá agolo náà lu. Mo fi ìka kán an sí Fúnmi lẹ́nu títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Yèyé jókòó sílẹ̀ nítòsí wa.

"Gbogbo àwọn tí à ń bẹ̀ wò ló máa ń bojú," ó ní. "Mo rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà."

Nígbà tí a padà sí Oǹdó, apá Ọ̀rẹ̀ ti dákẹ́. Kòkó wa ti bu, àmọ́ ọkọ mi bọ̀ láàyè. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ àbẹ̀wò wá pe Yèyé, ó ní òun ti dàgbà jù. Ojú ń tì í láti sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, ojú sì ń tì í pé òun ò sọ ọ́. Wọ́n ń ṣe é lọ bó ṣe kọ́ wọn. Èmi náà ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí oore ni ìjọ Àkúrẹ́ ṣe wá, mi ò sì fẹ́ kó dà bíi pé mo ń bú wọn.

Fúnmi ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́ kan náà, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó mọ̀ pé bàbá òun wa lọ́rì lójú ogun. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Yèyé ńkọ́? Kí ni wọ́n ṣe nígbà ogun?"

Mo sọ fún un pé Yèyé dìde nítorí rẹ̀.